Bí Iná Bá Sọ, Ta Ló Máa Gbọ́? Ìtọ́sọ́nà fún Onílé àti Àgbẹ̀

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, iná sọ ní àjà kẹjọ ilé-iṣẹ́ aránṣọ Triangle ní New York. Ẹnì kan ní àjà kẹjọ yẹn sáré gbé tẹlifóònù, ó pe àjà kẹwàá níbi tí ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá wà. Àwọn yẹn gba orí òrùlé sá lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló yè. Kò sẹ́ni tó pe àjà kẹsàn-án. Ìgbà tí àwọn tó wà níbẹ̀ fi máa mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, iná ti dé bá wọn, nígbà tí wọ́n sì sáré dé ìdí ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn, wọ́n bá a ní títì. Èèyàn 146 ló bá iná náà lọ.

Ọ̀rọ̀ ò dé etí wọn, ilẹ̀kùn ò sì ṣí. Àwọn òfin ààbò iná tó wà káàkiri ayé lónìí gùn, wọ́n sì le kà, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ méjì yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń yí ká: kí ìkìlọ̀ tètè dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó wà nínú ilé, kí ọ̀nà sì wà tí wọ́n á gbà jáde. Ọ̀pọ̀ iye tí ẹ máa rí níbí wá láti inú ìlànà NFPA, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìlànà ààbò iná, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń wo àwòkọ́ṣe rẹ̀, àti òfin ìkọ́lé tó bá a rìn. Bí òfin àdúgbò yín bá sọ ohun tó yàtọ̀, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Àwọn pànápaná ni kí ẹ bi.

Aláàmù èéfín nínú ilé gbígbé

Èéfín ń pa èèyàn ju ọwọ́ iná lọ. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé èéfín kì í jí ẹni tó sùn, ṣe ló tún ń mú oorun wọ̀ ọ́ lára sí i. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí aláàmù kan wà nínú yàrá ìsùn kọ̀ọ̀kan, kí òmíràn wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn yàrá náà lóde, kí ó kéré tán ọ̀kan sì wà ní àjà kọ̀ọ̀kan, títí kan yàrá abẹ́ ilẹ̀. Kí wọ́n so wọ́n kọ́ra, kó lè jẹ́ pé bí tìsàlẹ̀ bá gbọ́ èéfín, èyí tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì yín náà á ké. Ẹni tó ra ẹyọ kan, tó gbé e kọ́ sí pálọ̀, tó wá wọ yàrá tilẹ̀kùn sùn, ohun ọ̀ṣọ́ ló rà.

Èéfín máa ń gòkè, nítorí náà ara sílíìnì, ìyẹn àjà tó wà lókè orí nínú yàrá, ni ibi tó dára jù. Tó bá jẹ́ ara ògiri ni ẹ fẹ́ kàn án mọ́, kí orí rẹ̀ má jìn sí sílíìnì náà ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Kó jìnnà sí ibi ìdáná tó mítà 3. Ẹ má fojú kékeré wo ìwọ̀n yìí o. Aláàmù tó bá ń ké ní gbogbo ìgbà tí epo bá gbóná lórí iná, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan nínú ilé á fi yọ bátìrì rẹ̀, á ní òun máa dá a padà tó bá yá. Kò ní dá a padà.

Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì ìdánwò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Tó bá pé ọdún 10 sí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé wọ́n ṣe é, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ì báà máa ké dáadáa. Ẹ sì kọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Bó bá ké ní mẹ́ta-mẹ́ta, tó dákẹ́ díẹ̀, tó tún ké mẹ́ta, iná ni. Bó bá jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, afẹ́fẹ́ olóró kábọ́ọ̀nù mónósáídì ni, èyí tí jẹnẹrétọ̀ àti èédú máa ń tú jáde, tí kò ní òórùn, tí ojú ò sì lè rí. Ẹ jáde síta lójú ẹsẹ̀. Tó bá ń dún ṣín-ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bátìrì ló fẹ́ kú.

Ìdánwò kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Lálẹ́, kí gbogbo èèyàn wọ yàrá lọ, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí fáànù máa ṣiṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, kí wọ́n fi orí lé ìrọ̀rí. Kí ẹnì kan wá tẹ aláàmù lóde. Ìlànà ń béèrè pé kí ariwo náà tó 75 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì níbi ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n ẹ ò nílò ẹ̀rọ ìwọ̀n kankan kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ gbọ́ ọ tàbí ẹ ò gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣe nígbà tí àwọn ọmọdé bá ti sùn wọra. Ó lè yà yín lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ wọn ò ní mira rárá. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: ohùn tín-ín-rín tí aláàmù àtijọ́ ní kì í sábà jí ọmọdé àti ẹni tí etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Ohùn tó wúwo, èyí tí wọ́n ń pè ní 520 Hz, ló ń jí wọn jù. Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ béèrè èyí. Bí ẹ ò bá rí i rà, ẹ pinnu láti ìsinsìnyí àgbàlagbà tó máa lọ gbé ọmọ wo. Ní ti adití, iná tó ń tàn ṣá-ṣá àti ẹ̀rọ tó ń mi bẹ́ẹ̀dì wà fún un. A kì í fi ẹni tí kò gbọ́ràn sílẹ̀ pẹ̀lú aláàmù tó ń pariwo lásán.

Ilé tó ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn

Ẹni tó ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbọ̀ngàn ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tàbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọ̀pọ̀ ayálégbé ń gbé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún gbòòrò ju èyí lọ. Àpótí pupa tí èèyàn ń fọwọ́ fà tàbí tẹ̀ láti pe aláàmù gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹnu ọ̀nà àbájáde kọ̀ọ̀kan, kó má jìn sí i ju mítà kan ààbọ̀ lọ, kí ó sì wà níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ á ti tó o.

Ṣùgbọ́n agogo nìkan kò tó. Ẹ ti rí i rí: agogo á dún, àwọn èèyàn á máa wo ara wọn lójú, ẹnì kan á ní ìdánwò ni, òmíràn á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun parí ohun tí òun ń ṣe. Ohùn èèyàn tó ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ló ń gbé wọn dìde kíákíá. Ìdí nìyẹn tí òfin ìkọ́lé Amẹ́ríkà fi sọ ọ́ di dandan pé kí ilé gíga ní gbohùngbohùn pàjáwìrì, ìyẹn ilé tí àjà tó ga jù nínú rẹ̀ tí èèyàn ń lò fi ohun tó ju mítà 23 lọ ga ju ibi tí ọkọ̀ pànápaná lè dúró sí. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àjà tí iná wà, èyí tó wà lókè rẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ìkéde, kí àtẹ̀gùn má bàa dí.

Ẹ jẹ́ kí ìkéde náà ṣe ṣókí: “Ẹ fetí sílẹ̀. Iná ti sọ nínú ilé yìí. Ẹ gba àtẹ̀gùn tó sún mọ́ yín jáde. Ẹ má wọ lífíìtì.” Kí wọ́n tún un sọ, ní gbogbo èdè tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń sọ. Gbohùngbohùn ńlá kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ táìlì, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù, ohùn á kàn máa ta padà ni, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ń wí. Kéékèèké bíi mélòó kan tí ẹ tò káàkiri, tí ohùn wọn ò le, ló máa yé èèyàn.

Bátìrì tó ń gbé e dúró nígbà tí iná mànàmáná bá lọ gbọ́dọ̀ tó lò fún wákàtí 24, kó tún ku agbára tó máa fi sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn ìyẹn. Bí ẹni tó wá fi ẹ̀rọ náà síbẹ̀ bá fẹ́ gba owó rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé kó pa iná ilé, kó sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ lójú yín.

Ọ̀rọ̀ tún lè yí padà nígbà tí iná bá ń lọ lọ́wọ́. Ní ilé Grenfell ní London, oṣù Kẹfà ọdún 2017, ohun tí wọ́n ti ń sọ fún àwọn ayálégbé ni pé kí wọ́n dúró sínú yàrá wọn. Nígbà tí iná ti gun ara ògiri ìta débi tí wọn ò fi yẹ kí wọ́n dúró mọ́, ìmọ̀ràn náà kò yí padà títí nǹkan bíi wákàtí méjì fi kọjá lẹ́yìn tí iná náà bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ kan nínú ilé náà tí wọ́n lè fi sọ fún gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn 72 ló kú.

Àwọn tí kò lè sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ náà ń kọ́? Òfin ní kí ibi ìdúró kan wà fún wọn tí ògiri àti ilẹ̀kùn rẹ̀ lè gba iná dúró, kí bọ́tìnnì tàbí tẹlifóònù tí wọ́n lè fi bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ń dá wọn lóhùn ní òpin ìlà náà, ẹ̀tàn ni.

Wọkí-tọkí àwọn pànápaná náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kọnkéré, irin àti gíláàsì tí wọ́n fi nǹkan pa lójú nítorí oòrùn máa ń dí i lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn pànápaná kan nínú ilé gogoro World Trade Center tí àwọn apániláyà kọlù ní New York kò gbọ́ àṣẹ pé kí wọ́n jáde. Lẹ́yìn ìgbà náà ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ìgbì rédíò wọn wọ inú ilé dáadáa. Ẹ gbé fóònù yín lọ sí abẹ́ ilẹ̀ àti àárín àtẹ̀gùn. Bí kò bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀, ẹ ní kí pànápaná wá fi tiwọn dán an wò.

Ilẹ̀kùn

Ní ọdún 1942, èèyàn 492 kú sínú ilé ijó Cocoanut Grove ní Boston. Ilẹ̀kùn tó ń yí ló wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, èrò há mọ́ ọn. Àwọn mìíràn wà ní títì, òmíràn sì jẹ́ pé inú ló ń ṣí sí, èrò tó ń tì í látẹ̀yìn ò jẹ́ kó ṣeé fà. Òfin ní kí ilẹ̀kùn ibi tó bá gba èèyàn 50 sókè ṣí síta. Ẹnu ọ̀nà tí èèyàn gbà wọlé ló máa ń sáré padà sí, nítorí náà kí wọ́n máa tọ́ka sí àwọn ọ̀nà yòókù kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti irin ojú fèrèsé tó wà nítorí olè: kí ó kéré tán ọ̀kan nínú yàrá ìsùn kọ̀ọ̀kan ṣeé ṣí láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́. Inú èéfín kọ́ ni èèyàn á ti máa wá kọ́kọ́rọ́. Ẹ sì máa pa ilẹ̀kùn yàrá yín dé sùn, torí ilẹ̀kùn tí a pa dé máa ń dá èéfín àti ooru dúró fún ìgbà díẹ̀ tó ṣe pàtàkì.

Ilé ẹran àti àká

Aláàmù èéfín tí à ń lò nínú ilé kì í pẹ́ bà jẹ́ nínú ilé ẹran. Eruku, òwú aláǹtakùn àti afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ìtọ̀ ẹran á máa mú un ké lásán, tàbí kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ pátápátá. Èyí tó ń mọ ooru ni kí ẹ lò níbẹ̀. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ sì máa ń gbàgbé ni pé ẹran kò lè pe ẹnikẹ́ni: kí aláàmù náà dún nínú ilé tí èèyàn sùn sí, kì í ṣe nínú àká nìkan. Gílóòbù tí ẹ fi ń mú òròmọdìẹ gbóná, ṣéènì ni kí ẹ fi so ó rọ̀, ẹ má fi wáyà rẹ̀ so ó.

Koríko gbígbẹ lè gbiná fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá dì í nígbà tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, á máa gbóná láti àárín, ewu náà sì pọ̀ jù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ gún páìpù irin tí ẹ ti dá ihò sí lẹ́nu wọ àárín òkìtì náà, kí ẹ fi okùn sọ tẹ̀mómítà sínú rẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 15. Tó bá ti ń tó 55°C, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ní 65°C, ẹ máa wò ó ní wákàtí mélòó kan síra. Tó bá tó 80°C, ẹ pe pànápaná kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdì kankan, nítorí afẹ́fẹ́ tó máa ráyè wọlé lè mú kó gbiná lójijì. Ẹ má gun orí rẹ̀ o. Inú rẹ̀ lè ti jó di ihò.

Ìpè

Ẹ jáde ná, kí ẹ tó pe. Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Kí gbogbo ìdílé mọ ibì kan níta tí wọ́n á ti pàdé, kí ẹnì kan ka orí wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì padà wọlé nítorí ẹrù tàbí ẹran.

Nọ́ńbà pàjáwìrì jẹ́ 112 ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, 911 sì ni ní Amẹ́ríkà. Ibi tí ẹ wà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí ẹ tó sọ pé iná ni, torí ìpè lè já nígbàkigbà. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ iye èèyàn tó ṣì wà nínú ilé àti ohun tó ń jó. Ẹ má gbé fóònù sílẹ̀ títí ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ á fi ní kí ẹ gbé e sílẹ̀.

Oko kì í sábà ní nọ́ńbà ilé. Ẹ kan pátákó kan mọ́ ẹnu géètì, kí ẹ yàwòrán oko náà sí i: ibi tí omi wà, ibi tí sílíńdà gáàsì àti epo wà, ibi tí oògùn apakòkòrò àti ajílẹ̀ wà, afárá tí ọkọ̀ ńlá kò lè gùn, àti ibi tí wọ́n ti lè pa iná mànàmáná. Ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, kó ṣeé kà láti inú ọkọ̀ lóru, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí àwọn tó bá dé mọ̀ bóyá epo náà ṣì wà níbi tí pátákó ní ó wà.