Ẹ yéé fowó ṣòfò lórí ìwádìí ẹrù: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sanwó fáwọn tó ń gbé ìwé ìbéèrè kiri ilé iṣẹ́ l'Ọ́tà àti Àgbárá láti mọ irú ẹrù tí wọ́n ń kó jáde àti ìwọ̀n rẹ̀, kẹ́ ẹ tó rántí pè mí, ẹ̀yin ni mo ń bá wí.

1. Nínú òkìtì wébíìlì, ìyẹn ìwé tó ń bá ẹrù rìn, àwọn tó wà lókè nìkan lẹ ń kó. Ọjọ́ Ajé lẹ kà yẹn, ẹ ò ka ọ̀sẹ̀. Bí wébíìlì bá jẹ́ 400 tẹ́ ẹ sì fẹ́ 40, ẹ ṣẹ́ ìbò láàárín 1 sí 10, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ máa mú ọ̀kan nínú mẹ́wàá mẹ́wàá.

2. Ọ̀sẹ̀ kan náà fún gbogbo ilé iṣẹ́. Tó bá wá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Iléyá ńkọ́? Nínú Commodity Flow Survey, ìwádìí ẹrù tí ilé iṣẹ́ ń kó jáde, tí wọ́n ti ń ṣe l'Ámẹ́ríkà láti 1993, ọ̀sẹ̀ kan ni ilé iṣẹ́ ń ròyìn láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kì í sì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo wọn.

3. Àlàfo, ìyẹn ibi tí wọn kò kọ ìwọ̀n ẹrù sí. Èyí ló ń fa irun orí mi tu, ìwọ̀nba tó sì kù kò tó nǹkan. Ọ̀gá kan gbé fáìlì wá, ó ní gbogbo àlàfo ti dí. Báwo? Ó ro gbogbo ìwọ̀n tó rí pọ̀, ó pín in dọ́gba, ó fi tọ́ọ̀nù 22 sí ibi gbogbo tó ṣófo. Sìmẹ́ńtì, 22. Indómì, 22. Bẹ́ẹ̀dì fóòmù, 22! Ẹni tó bá rí tírélà tó ru tọ́ọ̀nù 22 fóòmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí, mo fẹ́ sùn lé e. Bẹ́ẹ̀, wébíìlì sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀: àpò 600, kílò 50 lọ́kọ̀ọ̀kan. Tọ́ọ̀nù 30 ni, kò gba ìméfò.

Bí ìwé kò bá sọ ọ́, ẹ wá ẹrù irú rẹ̀ tí ìwé tiẹ̀ pé, tówó wọn sún mọ́ra, kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan náà nítorí ọjà wa yìí kì í dúró. Ẹ wo iye kílò tí náírà kan rà níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ṣírò ti èyí tó ṣófo. Ẹ sàmì sí i pé ẹ̀yin lẹ dí i. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ yá ìwọ̀n lára rẹ̀ wò: bí kíláàkì bá kọ kílò sójú tọ́ọ̀nù, tírélà kan á gbé tọ́ọ̀nù 30,000, ẹ ó sì tún pín àṣìṣe náà káàkiri.

Nọ́ńbà mélòó la dé? Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ilé iṣẹ́ tí kò gbé ẹrù jáde, òdo ni. Èyí tí kò dáhùn kì í ṣe òdo.

Ẹ má sì máa pe máníjà kiri fún ìwọ̀n tó sọnù. Kíláàkì ẹnu géètì ló mọ̀ ọ́n, ẹ pè é kó tó palẹ̀ mọ́ lọ sílé.