Owó ìwọlé tí mo san lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ Masters ní Japan

Owó ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí ó ṣì ń dùn mí. Mo ti san owó ìwọlé, yen 84,600, ní yunifásítì ìjọba kan ní Japan. Nígbà tó yá, yunifásítì yìí kan náà, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan náà, ní kí n tún san owó ìwọlé: 282,000! Wọn ò yọ ti àkọ́kọ́ kúrò. Mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Obìnrin tó wà níbẹ̀ tẹríba, ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan nínú ìwé ìlànà wọn, ó tún tẹríba. Báwo lo ṣe fẹ́ bá ẹni tó ń tẹríba jà? Ẹ̀gbọ́n kan tó ti débẹ̀ ṣáájú mi ní, "Àbúrò, san án jàre."

Kenkyusei, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn ń ṣèwádìí kó tó wọ Masters, ló fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwa tá a ti òkè òkun wá, ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀: wàá ní àga tìrẹ nínú láàbù, wàá máa san 29,700 lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kò sí oyè kankan ńbẹ̀. Ìdánwò Masters gan-an ṣì wà níwájú, 30,000 sì ni owó fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ti físà àti ìwé ẹ̀rí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Wíwá ọ̀jọ̀gbọ́n ló dá mi dúró. Níbi tí mo fẹ́ lọ, àfi kí ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ́kọ́ gbà ọ́ kí fọ́ọ̀mù rẹ tó nítumọ̀. Mo kọ íméèlì títí, ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ fèsì. Ọ̀kan dáhùn tìfẹ́tìfẹ́, inú mi dùn, àṣé ó fẹ́ sọ pé òun máa fẹ̀yìn tì lóṣù March ni, nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ wọn bá parí.

Ẹni tó gbà mí níkẹyìn fojú mi rí nǹkan. Mo kọ ọ́ síwèé pé mo fẹ́ ṣèwádìí omíyalé ní Nàìjíríà. Ó bi mí pé odò wo? Mo ní Ògùnpa, ní Ìbàdàn, èyí tó ya lọ́dún 1980. Apá ibo odò náà? Ta ló ń wọn omi rẹ̀? Bá a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn, inú ń bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ìbéèrè dé iwájú mi lọ́jọ́ ìdánwò, kò sí èyí tí mi ò tíì dáhùn fún un rí. Mo yege, mo sì tún rí ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ gbà padà nínú 535,800 ọdọọdún. Níbi tiwa, kenkyusei ò lẹ́tọ̀ọ́ láti tọrọ ìyẹn.

Ìwọ tó o fẹ́ lọ, kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó fọwọ́ síwèé, bi í bóyá o lè ṣe ìdánwò Masters láti ilé, láì kọ́kọ́ ṣe kenkyusei. Àwọn yunifásítì kan gbà á, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni. Má sì sanwó ìwọlé síbi tí ọkàn rẹ ò tíì balẹ̀ sí, wọn kì í dá a padà.

Nígbà tí mo fẹ́ tẹ̀ síwájú sí PhD níbẹ̀, wọ́n ní mi ò ní san owó ìwọlé kankan. Mo ní kí wọ́n fi ìlà sábẹ́ ìyẹn náà fún mi.