Bí Ẹ̀kọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Lè Gba Gbogbo Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ́ra

Ẹ má fi fídíò bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nígbà tó bá parí. "Yóò mọ̀ nípa ìṣirò owó" kò tó. "Yóò lè kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde fún oṣù kan, kó sì yọ èrè" ló ṣe é dán wò. Ẹ ṣètò iṣẹ́ tí yóò fi hàn pé ó mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ya fídíò tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́ ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ ló ń ya fídíò wákàtí kan tán kí wọ́n tó máa wá ìbéèrè tí wọn yóò so mọ́ ọn.

Kí fídíò kan má kọjá ìṣẹ́jú 6. Ẹ fi ìbéèrè méjì tẹ̀ lé e, kí ìdáhùn tí kò tọ̀nà sì ní àlàyé tirẹ̀. "O kò gbà á" kì í ṣe ẹ̀kọ́. Nítorí ẹni tí dátà rẹ̀ kò tó, ẹ gbé ohùn nìkan síbẹ̀ pẹ̀lú: ní 64 kbps (kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ìṣẹ́jú 10 kò tó 5 MB.

Ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ fídíò ló ń gba àkókò jù, òun náà sì ni wọ́n máa ń fò. Èyí tí ẹ̀rọ bá fúnra rẹ̀ kọ máa ń ṣi orúkọ kọ, bí ẹ bá sì ń sọ Yorùbá, ẹ má gbọ́kàn lé e pé yóò fi àmì ohùn síbi tó yẹ. Ẹ jẹ́ kí fídíò máa lọ, kí ẹ máa fojú bá ọ̀rọ̀ náà lọ, kí ẹ sì tún un ṣe: ìlà méjì lẹ́ẹ̀kan, kí ìlà kan má ju nǹkan bíi lẹ́tà 40 lọ. Fáìlì .vtt tàbí .srt tó dá dúró ni kí ẹ kó o sí. Èyí tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́ àwòrán kò ṣe é pa, kò sì ṣe é sọ di ńlá. Ẹ tún ṣọ́ ẹnu yín: "ẹ tẹ èyí, kí ẹ tẹ ìyẹn" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò ríran. Ẹ pe bọ́tìnnì lórúkọ.

Ní ti ìwé kíkà, PDF tí wọ́n ya bí àwòrán kò ṣe é kà fún ohun èlò tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè. Ìyàtọ̀ àwọ̀ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn bí èyí tó mọ́lẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ ju èyí tó ṣókùnkùn lọ, kò gbọdọ̀ kéré sí 4.5:1. Lábẹ́ gíráàfù, ohun tó ń kọ́ni ni kí ẹ kọ: "ọjà títà lọ sókè láti 20 sí 35 láàárín oṣù mẹ́ta", kì í ṣe "àwòrán gíráàfù".

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ gbé máùsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí àwọn kan kò lè lò ó. Tab, Shift+Tab, Enter, kọ́kọ́rọ́ ọlọ́fà àti kọ́kọ́rọ́ àlàfo orí kíbọọ̀dù nìkan ni kí ẹ fi ṣe é títí ẹ ó fi fi ìdánwò ránṣẹ́. Ìbéèrè tó ní kí wọ́n fa ọ̀rọ̀ lọ síbi kan ló sábà máa ń há. Ẹ sọ ọ́ di èyí tí wọn yóò ti yan ìdáhùn. Ẹ wá tan ohun èlò tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè, ìyẹn TalkBack lórí Android tàbí VoiceOver lórí iPhone, kí ẹ di ojú, kí ẹ tún un ṣe. Ìgbà yẹn lẹ ó gbọ́ bí "tẹ ibí, tẹ ibí, tẹ ibí" ṣe ń dún létí ẹni tí kò rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ mú aago kúrò lórí ìdánwò, àfi bí yíyára bá wà lára ohun tí ẹ ń kọ́ wọn. Ẹni tó ń fetí ka ìbéèrè sábà máa ń pẹ́ ju ẹni tó ń fojú kà á lọ.