Fídíò Ìpolówó Mi: ₦280,000 La Sọ, ₦430,000 Ni Mo San

₦280,000 la jọ sọ. ₦430,000 ló kúrò lọ́wọ́ mi kí n tó rí fídíò tí kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta gbà. Owó náà dùn mí o, ẹ má rò pé mo ní in nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi jókòó kọ èyí ni pé odidi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń bá ọmọkùnrin kan fà á lórí àwọ̀ aṣọ tí èmi fúnra mi fi ọwọ́ mi rẹ.

Aláró ni mí l'Abẹ́òkúta. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe. A óò fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sára aṣọ funfun pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, a óò sá a kó gbẹ, ká tó rì í sínú ìkòkò aró. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ lòun náà ti kọ́ ọ. Wàhálà tó bá wa báyìí ni ti àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà. Wọ́n kó ọnà wa, Ìbàdàndùn tòun ti àwọn òpó Mápó inú ẹ̀, Olókun, Osùbàmbà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ bí ẹni tẹ kàlẹ́ńdà, wọ́n sì ń tà á ní iye tí n kò lè fi ra aṣọ funfun lásán. Oníbàárà á dúró síwájú mi n'Ítòkú, á ní, "Màmá, kí ló dé tí tiyín fi wọ́n tó báyìí?" Àlàyé sú mi. Mo ní màá ya fídíò, kó máa bá mi sọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe rí àwọn onífídíò náà kò lọ́rọ̀ nínú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló júwe wọn, Èkó ni wọ́n wà, mo wo iṣẹ́ wọn lórí Instagram, ó wù mí, a ná an, a dá ọjọ́. Mo san ₦196,000 sílẹ̀, ìyẹn ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé okùn lé wọn lọ́wọ́ yẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n wá yà á, ẹ bá mi yọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ló jókòó ti ìkòkò. Wọ́n gbé iná ńlá kan sí i lójú, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gbé iná ẹ kúrò níbẹ̀. Ṣé oòrùn Ọlọ́run ò tó ẹ ni?" Wọ́n gbé e kúrò. Wọ́n bi í léèrè bó ṣe ń mọ̀ pé aró ti tó rẹ aṣọ, ó ki ìka bọ ìkòkò, ó fi tọ́ ahọ́n, ó wo kámẹ́rà bí ẹni tí kò rí i rárá, ó ní, "Ó ti dé." Gbogbo agbo ilé pariwo.

Ibì kan wá wà tí mo ti mọ̀ pé òun ló máa ta ọjà fún mi. Ẹni tí kò bá tíì dé ìdí ìkòkò aró kò lè mọ̀ ọ́n: aṣọ kì í jáde nínú aró ní búlúù. Èlú (ewé tí a fi ń ṣe aró) tí omi eérú ti bá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan nínú ìkòkò, tí atẹ́gùn ò sí lára ẹ̀, àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n ló máa ń ní. Bí ẹ bá fa aṣọ yọ, àwọ̀ ewé yẹn lẹ máa rí. Atẹ́gùn á wá fẹ́ sí i, ẹ óò máa wò ó báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù láti etí aṣọ wá sáàárín. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ní Ṣáínà tó lè ṣe é. Ọmọ tó di kámẹ́rà mú la ẹnu sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní ká rì í ká fà á, ó ń sọ fún ẹnìkejì ẹ̀ pé, "Èyí gan-an ni fídíò yìí."

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn.

Nígbà tí wọ́n fi máa kó ẹrù, owó ti ń yọrí níhìn-ín lọ́hùn-ún. Epo jẹnẹrétọ̀, ₦18,000, nítorí kò síná lọ́jọ́ náà. "Logistics", ₦22,000. Mo bi wọ́n pé kí ni logistics, wọ́n ní mọ́tò àti oúnjẹ ni. Oúnjẹ kẹ̀, àmàlà tí èmi sè lẹ jẹ! Òjò tún lé wa wọlé ní ọ̀sán, wọ́n ní àwọn máa padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ₦35,000. A ní ká jẹ èkuru kó tán, wọ́n tún ń gbọn ọwọ́ ẹ̀ sáwo. Mo san, torí iṣẹ́ tí mo fojú ara mi rí dùn mọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, fídíò dé sórí WhatsApp. Mo pe àwọn ará ilé, mo pe Màmá pàápàá, a kóra jọ sídìí tẹlifíṣọ̀n.

Aṣọ jáde nínú ìkòkò ní búlúù.

Mo ní bóyá ojú mi ni. Mo dá a padà. Búlúù. Kò sí àwọ̀ ewé kankan níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ra aṣọ tó ti gbó láró lọ́jà, tí wọ́n rì í sómi, tí wọ́n tún fà á yọ, ìyẹn ni pé ó jọ irọ́, irọ́ tí àwọn aláṣọ Ṣáínà ń pa gan-an. Eérú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ti di àwọ̀ àlùkò. Ojú Màmá fúnra ẹ̀ dà bíi pé wọ́n rì í sínú aró mọ́ aṣọ. Ìbàdàndùn tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin ya ọnà ẹ̀ wá dúdú kirikiri bí aṣọ opó. Màmá wò ó tán, ó ní, "Ta nìyẹn?"

Mo pe ẹ́dítọ̀, ẹni tó gé fídíò náà. Ọmọ tó níwà ni, kí n má parọ́ mọ́ ọn.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ gbádùn ẹ̀ mà?"

"Ọmọ mi, níbo lẹ gbé àwọ̀ ewé ara aṣọ mi sí?"

"Áà, ẹ rí i mà! Kámẹ́rà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ yín rí gíríìnì nínú ẹ̀, ó bà jẹ́ gan-an ni. Mo fi òru méjì tún un ṣe."

Òru méjì! Ọmọ náà rí ibi tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ó rò pé àìsàn ni, ó sì wò ó sàn. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní òun gbọ́. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé kò gbọ́. Ìyá oníbàárà tó ń yọnu ló rò pé mo jẹ́.

Fídíò kejì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Ó ti din búlúù kù nínú gbogbo ẹ̀, gbogbo aṣọ mi wá ṣá bíi jíìnsì tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Aṣọ tó ń jáde nínú ìkòkò kò jẹ́ ewé, kò jẹ́ aró. Mo tún pè é. Ẹ̀kẹta dé, mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, n kò rí ìkòkò. Mo pè é. Ó ní, "Mà, ibẹ̀ ló ń fa gbogbo wàhálà yẹn, mo ti yọ ọ́."

N kò pariwo. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ jókòó sẹ́yìnkùlé. Ìgbà tí mo padà wọlé, ìwé owó tuntun ti wọlé: àtúnṣe kan ló jẹ́ ọ̀fẹ́, èkejì jẹ́ ₦15,000. Ẹ gbọ́, owó ni mo san kí wọ́n lè yọ ìkòkò aró kúrò nínú fídíò aláró.

Mo bá pe ọ̀gá wọn. Mo ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tí kámẹ́rà ká fún mi, èyí tí wọ́n ń pè ní raw, kí n wá ẹlòmíì tó máa gé e. Ó ní, "Màmá, raw ò sí nínú ohun tí a sọ." Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, ọ̀gá náà á sì jù mí lọ, Màmá ló ń pè mí. Ó ní tí mo bá fẹ́ raw, ₦60,000 ni. Agbẹjọ́rò kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó ní òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà, ti ọdún 2022, kò gbà kí ẹ̀tọ́ iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan di ti ẹlòmíì láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n gbé ìwé tí a fọwọ́ sí wá. Mo gbé e wá. Ohun tó wà nínú ẹ̀ kò ju "Fídíò ìpolówó, ẹyọ kan" lọ. Agbẹjọ́rò rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dá ìwé mi padà fún mi.

Mo san ₦60,000. Wọ́n ní raw wà nínú ẹ̀rọ tí ọmọ kámẹ́rà gbé lọ sí ìgbéyàwó n'Ílọrin. Láti Ìlọrin ó gba Ọ̀ffà lọ síbi òmíràn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, "Ó ti wà lọ́nà, Màmá."

Ìgbà tí wọ́n sọ pé ó ti dé, mo ní ẹ má fi ránṣẹ́, mò ń bọ̀. Mo bu aró kún inú ìgò kan dé ọrùn, kí atẹ́gùn má baà ríbi dúró, mo dé e pinpin, mo fi ọ̀rá mẹ́ta wé e. Mo gbé aṣọ funfun kékeré kan dání. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ládérin, ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyinká pè, mo sọ̀ l'Ágége. Ẹni tó bá ti súnmọ́ ìkòkò aró rí á mọ̀ pé òórùn ẹ̀ kì í ṣe ti lọ́fíńdà. Obìnrin tó jókòó tì mí fara dà á títí, ó wá bi mí wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé irú lẹ gbé ni?"

Nínú ọ́fíìsì wọn, mo ní kí ẹ́dítọ̀ náà gbé abọ́ kan wá. Mo da aró sí i, mo rì aṣọ, mo kà díẹ̀, mo fà á yọ, mo nà án síwájú ojú ẹ̀. Àwọ̀ ewé. Mo ní, "Máa wò ó." Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́ta tó wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn dìde wá. Àwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó yí títí ó fi di búlúù lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe." Mo tún un ṣe. Mo da díẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì wọn. Mo bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n n kò bẹ̀ wọ́n tọkàntọkàn.

Ó ṣí raw. Bí kámẹ́rà wọn ṣe ń gba àwòrán ni pé gbogbo ẹ̀ máa ń ràndánràndán bí ògì tí wọn ò tíì gbé kaná, ẹ́dítọ̀ ló máa fi àwọ̀ sí i. Àwọ̀ tí ọmọ yìí ti tò sílẹ̀ fún fídíò ìgbéyàwó ló dà lé iṣẹ́ mi lórí. Ó yọ ọ́ kúrò. Mo gbé aṣọ gidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń wo aṣọ, ó ń wo ojú ẹ̀rọ, ó ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú! Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lórí fóònù, ogójì ìṣẹ́jú lójúkojú. Ó bi mí léèrè ìdí tí ọmọ kámẹ́rà kò fi sọ fún òun. Mo ní kó bi í. Inú ọ́fíìsì kan náà làwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́.

Tí mo bá tún máa ṣe é, ẹni tó máa gé fídíò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń yà á, kódà kó jẹ́ pé èmi ni màá san owó mọ́tò ẹ̀. Bí kò bá lè wá, màá gba ohùn sílẹ̀ fún un pé ohun báyìí báyìí ló máa rí, má tún un ṣe. Màá na aṣọ funfun síwájú kámẹ́rà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ ohun tó ń jẹ́ funfun níbẹ̀. N kò ní san ju ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀. Raw á wà nínú ìwé, iye àtúnṣe á wà níbẹ̀, epo àti òjò pàápàá á wà níbẹ̀. Ní ti dróònù, wọ́n fẹ́ tà á fún mi, mo ní ìkòkò mi kì í fò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa ìyẹn, kó bi ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n fídíò náà dára o. Ibi tí aṣọ ti ń yí àwọ̀ yẹn, ogún ìṣẹ́jú-àáyá gbáko ni ẹ́dítọ̀ fi sílẹ̀ láìgé, kò fi orin sí i, ohùn omi tó ń kán nìkan. Màmá wò ó, ó mọ ara ẹ̀. Oníbàárà kan láti Ìbàdàn pè mí, ó ní òun rò pé mo fi kọ̀ǹpútà ṣe é ni. Mo ní kó máa bọ̀ l'Abẹ́òkúta, kó wá fọwọ́ ara ẹ̀ fà á.

Ó ku ẹ̀dà fídíò náà tó dúró lóòró tí màá máa gbé sórí WhatsApp. Wọ́n ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ pé ó wà nínú ₦280,000. Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì. Òní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n tán ni: "Ó ti wà lọ́nà, Màmá."