Ìpolówó tó ń lé oníbàárà: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàrin àwa tó ní ìkànnì

Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ló là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni mo bá ọmọ wọn ṣe ìkànnì tí wọ́n fi ń tajà. Kò sí ariwo nínú rẹ̀: àwòrán àrọ̀, òbòkún àti edé, iye tí wọ́n ń tà wọ́n, nọ́ńbà WhatsApp, ó parí. Iṣẹ́ ń lọ geere fún oṣù mélòó kan, àfi ìgbà tí ọmọ yìí gbọ́ pé èèyàn lè máa pa owó lórí ìpolówó láìṣe wàhálà kankan. Ló bá lọ gba kóòdù tó ń gbé ìpolówó wọlé lọ́wọ́ àwọn kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ibi tí àyè wà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan mo yà sí ìsọ̀ ìyá láti ra ẹja ọbẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán tí wọ́n fi gbé fóònù lé mi lọ́wọ́.

“Ẹńjìníà, wá wo nǹkan yìí o. Ẹja mi dà?”

Lóòótọ́, ẹja ò sí níbẹ̀. Obìnrin kan ló ń rẹ́rìn-ín lójú fóònù, ó ní ìyá ti jẹ ẹ̀bùn mọ́tò. A ti ìyẹn kúrò, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù yọjú. A ti tẹ́tẹ́ kúrò, egbòogi jẹ̀dí dé. Èmi rẹ́rìn-ín, ìyá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Bí mo bá gbé igbá ẹja kalẹ̀, tí mo wá ní kí onítẹ́tẹ́ àti alágbo dúró síwájú rẹ̀, ta ló máa rí ẹja rà?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ àwọn ìkànnì tó wà lágbègbè wa: ti ilé ìtura, ti ilé ìwé, ti àwọn tó ń gbé ìròyìn. Àṣìṣe kan náà là ń ṣe káàkiri. Mo ní “à ń ṣe” nítorí èmi náà ti ṣe é rí, mo sì máa sọ ti tèmi tó bá yá.

Gbígbàgbé ẹni tó ń sanwó

Pátákó ìpolówó tó wà lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀fẹ́ lẹ máa wò ó kọjá. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ló sanwó. Ti orí fóònù ò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán, fídíò, àti kóòdù tó ń tọpa èèyàn kiri, dátà oníbàárà ni gbogbo wọn ń gùn wọlé. Kí ìpolówó náà tó pa kọ́bọ̀ kan fún yín, àlejò yín ti sanwó rẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ojú ìwé yín kò ju 1MB lọ, tí ìpolówó wá sọ ọ́ di 5MB. Ẹni tó ra 1GB, tó yẹ kó ṣí irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 1,000, á ṣí i ní ìgbà 200, dátà á tán. Ní Oṣù Kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ fóònù, gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó kún owó ìpè àti dátà, ó sì lè tó ìdá 50 nínú 100. Ẹ lọ bá àwọn ọmọ ilé ìwé gíga wa sọ̀rọ̀, ẹ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka MB bí ẹni ń ka ẹ̀wà sínú ìkòkò.

Google pàápàá rí i. Láti ọdún 2020 ni Chrome, áàpù Google tí èèyàn fi ń ṣí ìkànnì, ti ń yọ ìpolówó tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn kúrò lójú ìwé, bó bá ti jẹ ju 4MB dátà lọ, tàbí tó bá ń lo ọpọlọ ẹ̀rọ ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ kíyè sí i pé ìpolówó ẹyọ kan ni 4MB yẹn ń sọ. Ẹni tó bá kó mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 2MB sójú ìwé kan, Chrome ò ní bá a wí, oníbàárà ló máa bá a wí.

Dídínà mọ́ àlejò

Èyí ni àgbà gbogbo wọn. Ẹni tó bá wọ ìkànnì yín láti orí Google, ìbéèrè ló gbé wá. Èló ni kílò àrọ̀ kan? Ṣé ẹ máa ń gbé e dé Ìkòròdú? Ṣé ẹ máa ń ṣí lọ́jọ́ Àìkú? Kò tíì ka ọ̀rọ̀ kan, pop-up, ìpolówó tó ń yọ lójijì, ti bo gbogbo ojú fóònù, ó ní kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Kò ní dúró. Á padà síbi tó ti wá, á tẹ ti ẹni tó tẹ̀ lé yín.

Wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń polówó. Ẹni tó ń kiri àgbàdo á ké “Láńgbé jinná o!” láti ojú títì. Ẹ wà nínú yàrá, ẹ gbọ́ ọ. Bó bá wù yín ẹ jáde, bí kò bá wù yín ó ń bá tirẹ̀ lọ. Kì í já wọ yàrá wá gun orí àyà yín kó ní àfi kí ẹ ka ení dé ejì kí òun tó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀rín ni ìtàn pop-up fúnra rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Ethan Zuckerman, ń ṣiṣẹ́ ní Tripod, ilé iṣẹ́ tí èèyàn ti lè ṣe ojú ìwé tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ilé iṣẹ́ mọ́tò kan fárígá fún wọn pé ìpolówó àwọn bọ́ sójú ìwé tó ń sọ̀rọ̀ ìṣekúṣe. Wọ́n wá ronú pé kí ìpolówó máa ṣí nínú fèrèsé tirẹ̀, kó má dà bíi pé onímọ́tò ló ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Zuckerman ló kọ kóòdù rẹ̀. Lọ́dún 2014 ló kọ̀wé síta pé kí aráyé má bínú, pé èrò rere làwọn ní. Mo gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, torí ó ní ìdí tó fi ṣe é. Àwa tí a ń fi í sórí ìkànnì ẹja lọ́dún yìí ni mi ò mọ ìdí tiwa.

Ìyà sì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ 10 Oṣù Kìíní 2017 ni Google ti sọ pé ojú ìwé tí pátákó bá bò mọ́ ẹni tó ti inú àbájáde ìwádìí wọlé lórí fóònù lè sọ ipò rẹ̀ nù. Ìbéèrè tí òfin béèrè fún, bí ọjọ́ orí, kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni pátákó kékeré tó rọrùn láti tì. Ní ọjọ́ 15 Oṣù Kejì 2018, Chrome tún gbé tirẹ̀ dé: ìkànnì tí ìpolówó rẹ̀ bá ń rú ìlànà Better Ads, ìyẹn ìlànà tó ń sọ irú ìpolówó tó ń yọ èèyàn lẹ́nu jù, tí wọ́n kìlọ̀ fún un tí kò sì tún un ṣe láàrin ọjọ́ 30, gbogbo ìpolówó rẹ̀ ni wọ́n máa dí. Kì í ṣe èyí tó burú nìkan o. Gbogbo rẹ̀.

X tó ń purọ́

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja. Ẹ wo àtàǹpàkò wọn: òróró ẹja ń dán lára rẹ̀, èéfín ti wọ inú ìlà ọwọ́, gíláàsì fóònù náà sì ti sán láti igun kan dé ìkejì. X tí wọ́n ń wá kò tó ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n nu ọwọ́ mọ́ etí ìró, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kò lọ. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí mo tẹjú mọ́ ọn ni mo rí i pé X náà kì í ṣe X: wọ́n yà á mọ́ àwòrán ìpolówó ni. Èyí tó jẹ́ òótọ́ wà lókè ní apá òsì, àwọ̀ eérú lórí àwọ̀ eérú. Ká tó ṣẹ́jú, atẹ̀jíṣẹ́ ti wọlé pé ìyá ti forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ti yọ owó nínú káàdì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Àbí kí ni wọ́n máa rò nípa ẹni tó ni ìkànnì? Wọn ò mọ ẹni tó kọ kóòdù ìpolówó. Orúkọ tó wà lókè ojú ìwé ni wọ́n mọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, orúkọ tiwọn ló wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ bínú sí ọmọ wọn kí wọ́n tó bínú sí olè.

Ẹni tí irú atẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ń dà láàmú, kó fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 kí ti ìpolówó má wọlé mọ́. Èyí tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sí, ó ní láti bá ilé iṣẹ́ fóònù rẹ̀ sọ ọ́ kí wọ́n yọ ọ́.

Bó bá jẹ́ AdSense, ètò Google tó ń sanwó fún ìkànnì tó gba ìpolówó, lẹ ń lò, ẹ má ṣe gbé ìpolówó sún mọ́ bọ́tìnnì tí èèyàn fẹ́ tẹ̀, kí wọ́n lè ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Google ka ìyẹn sí ìrẹ́jẹ, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé owó yín. Kí ẹ máa bẹ ará ilé pé kí wọ́n bá yín tẹ ìpolówó, ìyẹn náà nìyẹn.

Ariwo, àti ojú ìwé tó ń fò

Ọ̀rẹ́ mi kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ń ka ìròyìn kí lèmọ́mù tó dé. Lèmọ́mù dé, ó ń ṣe wàásù, gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ pa fóònù, ìka rẹ̀ kan ojú ìwé, fóònù bá figbe ta pé “Ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ báyìí!” Ó ní títí dòní, bàbá kan ṣì máa ń pe òun ní Alhaji Tíkẹ́ẹ̀tì.

Láti Oṣù Kẹrin 2018 ni Chrome ti ń dí fídíò tó bá fẹ́ dá sọ̀rọ̀. Ibi tí nǹkan ti bà jẹ́ ni pé bí èèyàn bá ti fọwọ́ kan ojú ìwé náà, Chrome lè gbà pé ó ti fọwọ́ sí ariwo. Nítorí náà ẹ má gbọ́kàn lé Chrome. Ẹ pa ohùn fídíò yín láti ilé.

Ti ojú ìwé tó ń fò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kóòdù ìpolówó máa ń pẹ́ dé ju ọ̀rọ̀ lọ. Bí ẹ ò bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ dè é, bó bá dé á ti gbogbo nǹkan sísàlẹ̀, oníbàárà tó fẹ́ tẹ nọ́ńbà yín á wá tẹ tẹ́tẹ́. Google máa ń wọn ìfò yìí, orúkọ tí wọ́n fún un ni Cumulative Layout Shift, wọn ò sì fẹ́ kó ju 0.1 lọ. Ẹ fún àpótí ìpolówó ní gíga tirẹ̀ nínú CSS, kóòdù tó ń sọ bí ojú ìwé ṣe máa rí, ó tán.

Bí wọ́n bá sì pọ̀ lójú fóònù débi tí wọ́n gba ju ìdá 30 nínú 100 gígùn ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ìlànà Better Ads ní wọ́n ti pọ̀ jù. Èmi rò pé ìdá 30 gan-an ti pọ̀.

Bíbi àlejò bí ọlọ́pàá

Tèmi rèé. Mo ṣe ìkànnì fún ilé ìtura kan, mo fi àpótí kan sí i tó máa gba orúkọ àti nọ́ńbà kí èèyàn tó rí owó yàrá. Ó tún ń bèèrè pé ṣé kóun máa fi ìròyìn ránṣẹ́, ṣé kóun mọ ibi tí àlejò wà. Ọgbọ́n ni mo pè é. Oníbàárà kan pe ọ̀gá ilé ìtura náà lórí fóònù: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé àgọ́ ọlọ́pàá ni àbí òtẹ́ẹ̀lì?” Ọ̀gá pè mí, mo yọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Òfin ti dé sí i báyìí. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023 sọ pé ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ ti ọkàn ẹni náà wá, pé dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, àti pé ẹni tó gbà lónìí lè kọ̀ lọ́la. Bọ́tìnnì “Gbà” tó tóbi bí ilẹ̀kùn, tí “Kọ̀” wá fara pamọ́ sísàlẹ̀ bí èkúté, ẹ yéé ṣe é.

Àwọn tí gbogbo èyí ti sú ti lọ gba Opera Mini tàbí ohun mìíràn tó ń dí ìpolówó. Àwọn ìkànnì kan á wá máa jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tó wọlé. Ẹni tí ẹ lù tó fi ń wọ àkẹtẹ̀ láti bo orí, ẹ tún ń bínú sí àkẹtẹ̀!

Owó wo gan-an?

Mo bi ọmọ ìyá ẹlẹ́ja léèrè pé èló ló ti rí. Kò rí nǹkan kan. AdSense pàápàá kì í sanwó títí yóò fi pé 100 dọ́là, àwọn tó gba kóòdù lọ́wọ́ wọn yìí ò sì sọ iye tí tiwọn gbọ́dọ̀ pé. Lójú kan náà, àwọn tó máa ń ra òbòkún fún ìnáwó láti ìkànnì ti dákẹ́. A jókòó, a kó gbogbo kóòdù náà kúrò.

Ìpolówó kan ló wà níbẹ̀ báyìí, ìlà kan ṣoṣo nísàlẹ̀, kò ní àwòrán. Ti ọkùnrin tó ń ta yìnyín fún àwọn ẹlẹ́ja nítòsí ọjà ni. Ó ń sanwó fún ìyá lóṣooṣù, ọwọ́ sí ọwọ́. Nígbà tí mo tún yà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi wọ́n léèrè bóyá ó ń san án déédéé.

“Ó ń san án,” ni wọ́n wí, wọ́n ń fi ewé wé ẹja mi. “Ṣùgbọ́n bá mi sọ fún un pé yìnyín àná ti yọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.”