Ẹ̀tọ́ Tí Ẹ Ti Ní ní Ìlú Ọba Kí Ẹ Tó Gba Ìwé Ọmọ Onílùú

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tó ń dé sí ìlú ọba ló gbà pé àwọn ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbí títí dìgbà tí wọ́n bá gba ìwé ọmọ onílùú. Ẹni tó wá kàwé á ní àlejò lòun. Ẹni tó wá tọ́jú àwọn arúgbó á ní òun ò fẹ́ wàhálà. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ọ, torí òfin ibí ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó ní àṣẹ ìgbélùú tí kò tíì parí, ì báà jẹ́ físà ìwé kíkà, ti iṣẹ́, tàbí ti ẹni tó tẹ̀lé ọkọ tàbí aya rẹ̀ wá, lè dìbò yan aṣòfin bó bá ti pé ọmọ ọdún 18. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, òfin ìdìbò ọdún 1983 sì ka ọmọ Commonwealth tó ń gbé níbí pẹ̀lú àṣẹ mọ́ àwọn olùdìbò. Ará Faransé tàbí ará Jámánì tó ti lo ogún ọdún níbí láìgba ìwé ọmọ onílùú kò ní àǹfààní yẹn nínú ìbò gbogbogbòò. Ẹ̀yin ní in.

Àwọn ará wa láti Kétu, Sàkẹ́tẹ́ àti Àjàṣẹ́ tó ń lo ìwé ìrìnnà Benin ni ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀, torí Benin kò sí nínú Commonwealth. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń gbé ní Scotland tàbí Wales, òfin ibẹ̀ gba àjèjì tó ní àṣẹ ìgbélùú láyè láti dìbò fún káńsù àti fún ilé aṣòfin tó wà ní Edinburgh tàbí Cardiff.

Bí wọ́n ṣe ń ṣèjọba níbí máa ń kọ́kọ́ rú ẹni tó ti Nàìjíríà wá lójú. Nílé, bí àríyànjiyàn bá dé, ìwé òfin ọdún 1999 la máa ń ṣí. Níbí, kò sí ìwé kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ wọn fọ́n káàkiri: Magna Carta ọdún 1215, ìyẹn ìwé àdéhùn tó fi ààlà sí agbára ọba, Bill of Rights ọdún 1689, tó ní ọba ò gbọdọ̀ gba owó orí láìjẹ́ pé àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i, òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ọdún 1998, ìdájọ́ àwọn ilé ẹjọ́, àti àṣà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n ń pa mọ́. Àṣà náà lágbára gan-an. Ọba ló ń fọwọ́ sí òfin, síbẹ̀ láti ọdún 1708, kò sí ọba tàbí ọbabìnrin tó tún kọ̀ láti fọwọ́ sí i.

Ohun tí ilé aṣòfin bá fẹnu kò sí ló ga jù. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà lè fagi lé òfin tó bá tako ìwé òfin ilẹ̀ wa. Tibí ò lè fagi lé òfin tí Westminster, ìyẹn ilé aṣòfin tó wà ní London, bá ṣe. Ó lè kéde pé òfin náà kò bá ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mu, kó wá kù sọ́wọ́ àwọn aṣòfin láti tún un ṣe. Àmọ́ àwọn mínísítà kọ́ ni ilé aṣòfin, ohun tí wọ́n bá ṣe láìbófin mu, adájọ́ lè dá a nù. Lọ́dún 2019, Boris Johnson tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà gba ọbabìnrin nímọ̀ràn pé kí wọ́n ti ilé aṣòfin pa fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Adájọ́ 11 jókòó lórí ẹjọ́ náà, ohùn wọn sì ṣọ̀kan pé kò bófin mu. Ní ọjọ́ kejì, àwọn aṣòfin ti padà sórí ìjókòó. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún ẹni tó bá ń bẹ̀rù lẹ́tà láti iléeṣẹ́ ìjọba, bí ẹni pé lẹ́tà yẹn ti parí ọ̀rọ̀.

Ilé méjì ló wà ní Westminster. Àwọn 650 ló wà nínú ilé tí aráàlú ń dìbò yàn, ẹni kọ̀ọ̀kan fún ẹkùn kan. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé, kódà bí kò bá tó ìdajì. Ẹ kì í dìbò fún olórí ìjọba tààrà. Olórí ẹgbẹ́ tí aṣòfin rẹ̀ bá pọ̀ jù ló sábà máa ń di i. Ilé kejì ni ti àwọn Lords. Aráàlú kì í dìbò yàn wọ́n, àwọn bíṣọ́ọ̀bù 26 sì wà lára wọn. Wọ́n lè tún òfin ṣe, wọ́n lè dá a dúró fún nǹkan bí ọdún kan, ṣùgbọ́n ilé àkọ́kọ́ ló máa ń borí.

Ẹni tó yẹ kí ẹ mọ̀ ju olórí ìjọba lọ ni aṣòfin ẹkùn yín. Ẹ tẹ postcode yín sórí ìkànnì ilé aṣòfin, orúkọ rẹ̀ á jáde. Kò dìgbà tí ẹ bá dìbò fún un, kò dìgbà tí ẹ bá jẹ́ ọmọ onílùú. Bí ẹ bá ti ń gbé ní ẹkùn rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbọ́ tiyín. Ó ní ọjọ́ tó máa ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ àwọn èèyàn, wọ́n ń pè é ní surgery. Ọjọ́ Ẹtì ni lọ́pọ̀ ìgbà, nínú yàrá ilé ìkàwé tàbí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì: àga díẹ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, akọ̀wé kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, òun náà sì jókòó sídìí tábìlì. Ẹ pe ọ́fíìsì rẹ̀ kí ẹ gba àyè ṣáájú. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀, ẹ ò sì nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n láti mú yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ ó ní, nítorí náà ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé kan: orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà, nọ́ńbà ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Home Office (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà), déètì tí ẹ fi í ránṣẹ́, àti ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe. Kò lè fún yín ní físà, kò sì lè pàṣẹ fún adájọ́. Ṣùgbọ́n ó lè kọ̀wé béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ yín fi há síbì kan, wọ́n sì máa ń dá aṣòfin lóhùn.

Ìforúkọsílẹ̀ fún ìbò kò le. Orí GOV.UK lẹ ó ti ṣe é, pẹ̀lú nọ́ńbà National Insurance yín, ó pẹ́ tán ọjọ́ iṣẹ́ 12 ṣáájú ìbò. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀: àwọn báǹkì máa ń wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ yẹn bí ẹ bá fẹ́ yáwó. Ní ọjọ́ ìbò, ibùdó máa ń ṣí láti aago méje àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́. Ẹ mú ìwé tó ní fọ́tò dání; ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dára, kódà bó bá ti parí, bí fọ́tò rẹ̀ bá ṣì jọ yín. Wọ́n á fún yín ní bébà, ẹ wọ ibi tí wọ́n dí, ẹ ó bá pẹ́ńsùlù níbẹ̀, ẹ fa X kan síwájú ẹni kan, ẹ ká a, ẹ sọ ọ́ sínú àpótí. Ẹni tí àṣẹ ìgbélùú rẹ̀ bá ti parí kó má forúkọ sílẹ̀ o. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbé èèyàn dé ilé ẹjọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ló kàn, àwọn ọ̀dọ́ wa ni mo sì ń bá sọ ọ́ jù. Ní England àti Wales, bí ọlọ́pàá bá fẹ́ yẹ ara yín wò lójú pópó, ó gbọ́dọ̀ sọ orúkọ rẹ̀ àti àgọ́ rẹ̀, ohun tó ń wá, ìdí tó fi fura sí yín, àti òfin tó gbé e lé. Lásìkò yẹn, kò di dandan kí ẹ sọ orúkọ yín fún un. Ẹ lè béèrè àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò náà. Ẹ má bá a jà, ẹ má sì sá. Bó bá jẹ́ pé wọ́n mú yín lọ sí àgọ́, ẹ ní agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́, ì báà jẹ́ pé ẹ lówó tàbí ẹ ò ní. Ẹ béèrè fún un kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè kankan lórí ẹjọ́ náà. Wákàtí 24 ni wọ́n lè dá yín dúró mọ láìfi ẹ̀sùn kàn yín, àyàfi bí ẹ̀sùn náà bá wúwo tí wọ́n sì gba àṣẹ láti fi kún un. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe na owó sí ọlọ́pàá ibí, ì báà jẹ́ kékeré. Ohun tó ì bá parí sójú ọ̀nà á di ẹjọ́ rìbá.

Níbi iṣẹ́, òfin Equality Act ọdún 2010 kò gba kí wọ́n fi àwọ̀, ẹ̀sìn, oyún tàbí ọjọ́ orí fìyà jẹ yín. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ọdún 1998 náà kò gba kí wọ́n fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́, físà yòówù kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọ̀gá ń halẹ̀ mọ́ pé òun á fagi lé ìwé yín, ẹ pe ACAS, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá nímọ̀ràn lórí ìjà ibi iṣẹ́, tàbí ẹ lọ sí Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn.

Ohun kan tún ń tẹ̀lé ìforúkọsílẹ̀ tó máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn wa: lẹ́tà jury service, ìyẹn pé kí ẹ wá jókòó pẹ̀lú àwọn 11 mìíràn ní ilé ẹjọ́ ní England tàbí Wales, kí ẹ sọ bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi. Kì í ṣe ẹjọ́ yín o. Níbẹ̀, wọ́n lè pe ẹni tó wà nínú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò, tó wà láàárín ọdún 18 sí 75, tó sì ti gbé níbí fún ọdún márùn-ún ó kéré tán lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún 13. Ní England àti Wales, ẹ fèsì láàárín ọjọ́ 7, torí ẹni tó bá dákẹ́ lè san ìtanràn tó tó pọ́n-ùn 1,000. Ọ̀gá yín gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ lọ. Bí kò bá ní san owó ọjọ́ wọ̀nyẹn, ilé ẹjọ́ ní ìwọ̀nba tó ń san dípò rẹ̀. Ẹ tètè gbé fọ́ọ̀mù owó iṣẹ́ fún ọ̀gá náà kó kọ ọ́ kí ọjọ́ ìjókòó tó pé.