Àwọn àṣìṣe tí ọmọ awo ń ṣe nídìí ìwé Ifá tó ń kọ fúnra rẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan gbé ìwé wá sílé mi pé kí n bá òun wò ó. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi bò ó, wọ́n ya ọpọ́n Ifá sí i lára, okùn aláwọ ni wọ́n sì fi ń dì í. Ó sọ iye tó rà á fún mi. Owó náà tó ra odidi ewúrẹ́ láàyè. Mo ṣí i, ojú ewé mẹ́ta péré ló ní nǹkan nínú: orúkọ rẹ̀, oríkì Ọ̀rúnmìlà tó dà kọ láti orí fóònù, àti Èjì Ogbè tí kò ní àmì ohùn kan ṣoṣo. Oṣù kẹjọ tó ti rà á nìyẹn. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti kọ ìkọkúkọ sínú ìwé tó lẹ́wà tó báyẹn.

Inú bí mi. Kì í ṣe sí ọmọ náà, bí kò ṣe sí àwọn tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ awo, tí wọ́n ń sọ fún un pé ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ ìwé Ifá tèmi. Púpọ̀ nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí ló ti ọwọ́ èmi náà kọjá, owó mi sì bá wọn lọ. N kò ní ṣàlàyé ohun tí odù jẹ́ tàbí bí a ṣe ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìyẹn, ọ̀dọ̀ ojúgbọ̀nà rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ.

1. Ríra ìwé olówó ńlá kí ẹnu tó gba ẹsẹ Ifá kan. Ìwé àjákọ ọmọ ilé ìwé ti tó. Ẹ kọ ọ́ nù, ẹ fà á ya, ẹ tún un kọ.

2. Bíbẹ̀rẹ̀ odù láti òsì. Ibi tó ti ń dùn mí jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ sọ ọ́.

Òsì ni ọwọ́ tí ilé ìwé kọ́ wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Ifá kì í bẹ̀rẹ̀ lósì. Ọ̀tún la kọ́kọ́ ń tẹ̀ lórí ọpọ́n, ọ̀tún náà la sì kọ́kọ́ ń pè. Bí Ogbè bá wà lọ́tùn-ún tí Òtúrúpọ̀n wà lósì, Ogbè Tómọpọ̀n ni. Bó ṣe yẹ kó rí lórí ìwé nìyí:

II   I
II   I
I    I
II   I

Ẹni tó bá ń kọ ọ́ bí ẹni ń kọ lẹ́tà yóò fi Ogbè sósì nítorí pé Ogbè ló kọ́kọ́ gbọ́, Òtúrúpọ̀n yóò sì bọ́ sọ́tùn-ún. Ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ ti di Òtúrúpọ̀n Ogbè. Odù mìíràn nìyẹn, ẹsẹ rẹ̀ yàtọ̀, ẹbọ rẹ̀ yàtọ̀.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti ẹni tó jókòó kọjú sí awo. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa torí pé mo ṣe é. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé ilé olúwo mi, àyè kì í sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn àgbà ló ń jókòó síbẹ̀. Òdìkejì ọpọ́n ni mo máa ń wà, ìwé lórí orúnkún, ohun tí ojú mi bá rí ni mo ń dà kọ. Ẹ wá wo Ogbè Tómọpọ̀n láti òdìkejì: ọ̀tún ti di òsì, òkè ti di ìsàlẹ̀. Ogbè kò yí padà, bákan náà ló rí lókè nílẹ̀. Ṣùgbọ́n Òtúrúpọ̀n tí a bá dorí rẹ̀ kodò, Ìká ni. Ìká Ogbè ni mo kọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìrosùn di Ọ̀wọ́nrín lọ́wọ́ mi, Ọ̀bàrà di Ọ̀kànràn, Ògúndá di Ọ̀sá, Òtúrá di Ìrẹtẹ̀, Ọ̀ṣẹ́ di Òfún. Mẹ́rin péré nínú àgbà odù mẹ́rìndínlógún ni ìdoríkodò kì í pa lára: Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí.

Oṣù méje ni mo fi kọ báyìí. Olúwo mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ojú odù tàn án. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n gbé ìwé náà wá. Ó wò ó, ó yí i po, ó tún wò ó, ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ mi, ìhà ibo lo jókòó sí?" Kò bá mi wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé àjákọ méjì ni mo tún kọ látòkèdélẹ̀, àwọn ẹsẹ tí mo ti há sórí lábẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tiwọn ṣì máa ń fẹ́ yọ sí mi lẹ́nu títí dòní.

Ní báyìí fídíò ti dé, wàhálà náà sì ti di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá fi kámẹ́rà iwájú fóònù ya ara rẹ̀ nídìí ọpọ́n, àwòrán náà lè gbé ọ̀tún fún òsì. Ẹ̀yin tó wà ní Houston tàbí London tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lórí fóònù, ẹ má tíì da ojú odù kọ kí ẹ tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu awo. Ẹ béèrè. Ẹ kọ orúkọ náà ní ọ̀rọ̀ sábẹ́ ojú odù, kí ọ̀kan lè jẹ́rìí fún èkejì.

3. Fífi tàdáwà tí omi ń fọ̀ kọ ọ́. Bírò ni kẹ́ ẹ lò.

4. Kíkọ ẹsẹ láìfi àmì sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ó máa mọ̀ ọ́n tẹ́ ẹ bá padà kà á, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n. Àbúrò kan nínú awo lọ sọ́jà pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, "agbon 16" ló wà níbẹ̀. Ó gbé àgbọn mẹ́rìndínlógún dé, ó ti sanwó ọkọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Agbọ̀n ni Ifá béèrè, èyí tí wọ́n ń hun. Ìgbà tí a fi máa padà sọ́jà, àwọn tó ń ta agbọ̀n ti palẹ̀ mọ́, ẹni tó ni ẹbọ sì ti jókòó dè wá láti àárọ̀. Bó bá tún ṣe agbọ́n tó ń tani ni, lẹ́tà kan náà ni. Igba abẹ́rẹ́ àti igbá abẹ́rẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹyin àti ẹyìn, ọ̀kan wá láti ìdí adìẹ, èkejì láti orí ọ̀pẹ. Orí fóònù náà kò sí àwáwí, Gboard ní ti Yorùbá, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ọ̀rọ̀ ìtò ló kàn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ pín ìwé kan fún gbogbo odù, kó kọ́kọ́ ṣírò. Ìwé elewé ọgọ́rin ní ojú ewé 160, odù jẹ́ 256. Kódà bó bá gbà wọ́n, Èjì Ogbè yóò kún láàárín oṣù kan, àwọn ọmọ odù mìíràn yóò wà lófìfo fún ọdún mẹ́wàá. Fáìlì tí a ń lu ihò sí ìwé rẹ̀ lára ló dára, ewé kan fún odù kan, bí ẹsẹ bá ṣe ń dé lẹ ó máa fi ewé kún un.

Ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá yín tò ó ní a-b-d. Ìká ni yóò kọ́kọ́ jáde, yóò ṣáájú Ogbè! Ipò àgbà odù la fi ń mọ ọwọ́ tí a ó ṣí nígbà tí ẹni tó wá dáfá bá di ìbò mú sọ́wọ́, ìwé tó bá da ipò yẹn rú ń kọ́ yín lódì lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí i. Ìtò tí ilé yín ń lò ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Níbi púpọ̀, Ìrosùn ló wà nípò karùn-ún. Nínú ìtò tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Ifẹ̀, Ọ̀bàrà ló wà níbẹ̀, Ìrosùn wà nípò keje. Méjèèjì tọ̀nà nílé tí wọ́n ti ń lò ó. Ohun tí kò tọ̀nà ni kí ẹ mú ìdajì ibí, ìdajì ọ̀hún.

Orúkọ ńkọ́? Mo ti rí ìwé tí Èjì Ogbè, Ogbè Méjì àti Èjì Oníle ní ewé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹni tó ni ín kò mọ̀ pé ẹnì kan ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Òfún Méjì àti Ọ̀ràngún Méjì. Ẹ kó gbogbo ìnagijẹ sórí ewé kan. Bẹ́ ẹ bá ti Kúbà gba awo, ẹ kọ Ojuani sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀wọ́nrín àti Otrupon sẹ́gbẹ̀ẹ́ Òtúrúpọ̀n. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pa Ifá mọ́ nígbà tó le gan-an láti pa á mọ́.

Ríra "gbogbo odù 256" lórí WhatsApp. Ẹ fowó yín ra obì.

Àìkọ ẹni tó kọ́ni ní ẹsẹ. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Àwọn ẹlẹ́sìn Wicca, ẹ̀sìn àjẹ́ òde òní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà ní irú ìwé báyìí, Book of Shadows ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ẹgbẹ́ tuntun a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ láti inú ti ẹni tó gbà á wọlé. Nígbà tí Gerald Gardner, tó gbé ẹ̀sìn náà jáde, gba Doreen Valiente wọlé ní 1953, obìnrin náà rí i pé ọ̀rọ̀ Aleister Crowley, òǹkọ̀wé onídán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ló pọ̀ nínú ohun tí wọ́n pè ní ọ̀rọ̀ àtayébáyé, ó sì jókòó tún púpọ̀ nínú rẹ̀ kọ. Òun ti ka Crowley tẹ́lẹ̀ ni ó fi mọ̀. Ta ni yóò mọ̀ nínú ìwé tiyín? Létí ewé, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ki ẹsẹ náà fún yín, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ náà. Bẹ́ ẹ bá rí i nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ èrò tiyín ni, ẹ fi bírò pupa kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà kì í gẹ́gẹ́ bí Ifá lọ́la.

Ẹnì kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ kò jẹ ẹran ewúrẹ́ fún ọdún méjì gbáko, bẹ́ẹ̀ èèwọ̀ ẹni tó wá dá Ifá lọ́dọ̀ wa ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tó kọ èèwọ̀ tirẹ̀ sí, kò fi orúkọ sí i, ó sì gbàgbé. Ní Kúbà wọn kì í jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀: lọ́jọ́ ìta, tí í ṣe ọjọ́ kẹta ìyàwó òrìṣà, ìyẹn ẹni tuntun tó ń wọ ẹ̀sìn òrìṣà, akọ̀wé kan á jókòó, á kọ gbogbo ohun tí odù bá sọ sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní libreta, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ni ín. Ìwé ìtẹ̀fá yín, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ti àwọn tó wá dáfá lọ́dọ̀ yín, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀ sí gbangba. Ọ̀rọ̀ àìsàn ẹni, ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ẹni ló wà níbẹ̀.

Kíkọ ohun tí ẹnu kò tíì gbà. Olúwo mi kì í jẹ́ kí n mú bírò àfi bí mo bá ti ki ẹsẹ náà fún un lẹ́ẹ̀mẹta láìkọsẹ̀. Ó máa ń dùn mí nígbà náà. Àwọn ẹsẹ tí mo kọ lábẹ́ òfin yẹn ni mo ṣì lè kì lóru láìtan iná.

Ibi tí ìwé yóò máa gbé: ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí ojúbọ. Ikán tó ń bá wa lọ igi ìrosùn kúnná di ìyẹ̀rosùn yóò lọ ìwé yín bákan náà. Àpótí onírin ni tèmi wà, mo fi bíríkì mẹ́rin gbé e sókè. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo kọ orúkọ ọmọ awo tí yóò gbà á sí nígbà tí mo bá lọ, mo pè é, mo fi hàn án, ó sì ti ń dà á kọ díẹ̀díẹ̀ lọ́jọọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, láti ọ̀tún.